Ẹ Fi Ojú-Oró Sílẹ̀

Kò sí ẹni tó sọ fún mi nílé pé omi lè pọ̀ débi tí ènìyàn yóò fi máa bínú sí i. Ní Kétu tí wọ́n bí mi sí, lábẹ́ ìjọba Faransé, omi ni ọlọ́lá ìlú. Bí ìjòyè bá ń kọjá, a ó yà fún un. Bí obìnrin tó ru omi bá ń kọjá, ìjòyè náà á yà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìyá mi a máa rìn títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi wú kó tó pọn ìkòkò kan dé. Omi tí a bá fi ṣan ọwọ́, òun náà la ó fi ṣan ẹsẹ̀, ewúrẹ́ á sì mu èyí tó bá kù.

Mo wá dé Ìbàfò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo rí baba tó gbà mí sílé níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá. Ó da odindi búùtà omi sí ẹsẹ̀ kan, ó tún lọ bu òmíràn wá fún ẹsẹ̀ kejì. Díẹ̀ ló kù kí n pariwo olè. Omi tí baba yẹn fi kírun ìdájí nìkan, a lè fi gbé ìyàwó ní Kétu, kí a sì fi èyí tó kù se ọbẹ̀.

Ọdún mélòó ló ti kọjá? Ẹ má bi mí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn òyìnbó ṣì wà nínú ilé kálukú nígbà náà, Faransé lọ́dọ̀ tiwa, Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ tiyín, àwòrán ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí oyè sì wà lára ògiri ọ́fíìsì rélùwéè ní Ìfọ̀. Ohun tó lé mi kúrò nílé kò le. Faransé ń kọ orúkọ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin sí iṣẹ́ sọ́jà, wọ́n ń kó wọn lọ jagun ní ìlú tí ẹnì kankan kò lè júwe fún wa. Èmi ò bá ará ibẹ̀ jà. Àwọn tí mo ń bá jà ní àdúgbò wa gan-an, mi ò tíì bá wọn jà tán.

Ìyá mi ní àbúrò kan tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́ja, torí ó máa ń ti Kétu wá ra ẹja gbígbẹ ní Ìbàfò. Òun ló mú mi wá. Ọ̀dọ̀ apẹja tó ń ta ẹja fún un ló fi mí sí, ìyẹn Baba Lámídì. Lámídì fúnra rẹ̀ ti sá lọ sí Èkó, ó ní òun ò ní fi gbogbo ọjọ́ ayé òun rùn bí ẹja. Nítorí náà baba àti ìyàwó rẹ̀ nílò ọwọ́ tó lágbára. Kí Ìyá Ẹlẹ́ja tó padà, ó fà mí sẹ́yìn ilé.

"Gbọ́ mi dáadáa," ó ní. "Baba gbà ọ́ títí dìgbà tí n ó tún wá. Bí o bá wúlò, wàá dúró. Bí o ò bá wúlò, èmi náà ni n ó mú ọ padà, Faransé á sì bá ọ wá iṣẹ́."

Bó ṣe fi mí sílẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mi ò wúlò. Mi ò mọ odò wẹ̀. Mi ò mọ ọkọ̀ tù, bí mo bá ti fi ẹsẹ̀ kan wọ ọkọ̀, ọkọ̀ á gba ọ̀tún, èmi á gba òsì. Ẹ̀fọn ibẹ̀ kì í kùn kó tó jẹni bíi ti ilé wa, ó kàn ń jẹ ni. Bí mo bá sọ̀rọ̀, àwọn ọmọdé á máa sín in jẹ, wọ́n á ní kí n tún un sọ. Yorùbá ni wọ́n ń sọ, Yorùbá ni mo ń sọ, síbẹ̀ wọ́n ń wo ẹnu mi bí ẹni ń wo ọ̀bọ. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé bí a bá gbọ́ èdè ara wa, a ti di ọ̀kan nìyẹn. Irọ́ gbáà ni.

Èyí tó dùn mí jù lọ ni ti Ìyá Lámídì. Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa lọ́hùn-ún àti lọ́dọ̀ yín níbí, obìnrin tí wọ́n gbé wọlé, "ọkọ mi" ló máa ń pe gbogbo ọmọ ilé náà, àgbà àti èwe. Ọmọ ọdún mẹ́ta kan wà nínú agboolé wọn tó ṣì ń ṣu sára, "ọkọ mi" ni Ìyá Lámídì ń pè é. Èmi tí mo ti ń fá irùngbọ̀n, "àlejò" ni. Àlejò, wá jẹun. Àlejò, oorun rẹ pọ̀. Àlejò, ẹsẹ̀ rẹ wà lórí ẹja mi. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà rárá, ọmọlúwàbí ni. Ṣùgbọ́n bó bá ti pè mí báyẹn, àárò ilé á kàn gbá mi láyà.

Mo wá pinnu pé n ó ṣe ohun kan tí wọ́n á fi mọ̀ pé mo wúlò.

Ẹ̀yìn ilé Baba Lámídì, ibì kan wà tí odò ya wọlé tó sì dákẹ́ síbẹ̀ bí ẹni sinmi. Ibẹ̀ ni baba máa ń dẹ ìwọ̀ sí. Ewé ló bo gbogbo ojú omi náà, ojú-oró lápá kan, òṣíbàtà lápá kejì, ẹ ò lè rí omi fi fọ ojú. Mo wò ó, ojú gbà mí tì fún wọn. Ní ìlú wa, ewé kì í sùn lójú omi. Bí ìyàwó tuntun bá wọlé, iṣẹ́ tó kọ́kọ́ máa fi hàn pé ìyá òun kọ́ òun ni pé kó lọ ṣa ewé kúrò lójú adágún. Àlejò tó bá fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn òun, ohun tí òun náà máa ṣe nìyẹn. Mo rò ó nínú ọkàn mi pé àwọn èèyàn yìí ti dàgbà, agbára ò sí mọ́, ó tán.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan tí Baba Lámídì lọ kírun ní Mówè, mo ká ṣòkòtò mi, mo bọ́ sínú omi. Láti àárọ̀ títí oòrùn fi yí, mo ń fa ewé. Mo fà á tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, mo ń jù ú sórí ilẹ̀, ó ga tó mi léjìká. Eṣúṣú inú omi mu ẹ̀jẹ̀ nítan mi, mo ní kó máa mu. Nígbà tí mo parí, omi náà mọ́ lóló, ẹ lè rí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀. Mo fọ ara, mo wọ ẹ̀wù mi tó dára jù, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń retí oríyìn.

Baba Lámídì dé. Ó wo omi. Ó wò mí. Ó tún wo omi.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, Baba," mo fi gbogbo àyà sọ ọ́. "Ẹ kú ọ̀nà. Mo bá yín tún un ṣe."

"O bá mi tún un ṣe." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú agbádá Jímọ̀ lọ́rùn. "Ìyá Lámídì! Wá wò ó. Ará Kétu ti wó ilé gbogbo ẹja mi!"

Abẹ́ ewé ni ẹja ń gbé. Báwo ni n ó ṣe mọ̀? Abẹ́ ewé ni òjìji wà, ibẹ̀ ni oúnjẹ wà, ibẹ̀ ni ẹja àrọ̀ ń sá pamọ́ sí fún ẹyẹ. Ẹja wo ni yóò jókòó sínú oòrùn kí ẹyẹ máa wo ìdí rẹ̀ látòkè? Gbogbo wọn ti kó lọ. Ìyá Lámídì fi ọwọ́ di ìró rẹ̀ mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Àlejò," ó ní, "ṣé bí o bá dé ilé onílé, òrùlé lo máa ń kọ́kọ́ gbá?"

Ẹ wò ó, láti kékeré ni wọ́n ti ń ṣàdúrà lé mi lórí pé ojú-oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò, pé èmi náà á lékè. Àmín, àmín. Kò sí ẹnì kan tó fi ojú-oró hàn mí rí! Adágún wa, ewé igi ló ń já sí i, ojú-oró kì í hù níbẹ̀. Mo ti ṣe àmín ogún ọdún sórí ohun tí mi ò mọ̀, ọjọ́ tí mo wá pàdé rẹ̀, mo fà á tu.

Baba ò lù mí. Ì bá dára kó lù mí. Ó kírun ìrọ̀lẹ́ tán, ó pè mí.

"Ìyá Ẹlẹ́ja ń bọ̀ bí oṣù tuntun bá ti lé," ó ní. "Lápá ọ̀hún tí omi ti jìn, ewé kù níbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ ò tíì kàn. Kí obìnrin yẹn tó dé, fi ìwọ̀ tìrẹ mú àrọ̀ kan jáde nínú ewé yẹn fún mi. Bí o bá mú un, n ó mọ̀ pé o ti mọ bí omi ṣe ń ṣe, wàá sì máa gbé ibí. Bí o ò bá mú un, bá a lọ."

"Baba, irú ìwọ̀ wo ni kí n lò?"

"A kì í bá ọkùnrin yan ìwọ̀. Bí ẹja bá já lọ, èmi ni wàá máa bú. Lọ yan tìrẹ."

Ọjọ́ kejì ni wọ́n fi ọkọ̀ gbé mi sọdá odò, mo fẹsẹ̀ rìn dé Ìfọ̀. Mo bá ọkùnrin kan lọ́jà tó tẹ́ ìwọ̀ sílẹ̀ lórí àpò, lóríṣiríṣi.

"Irú ẹja wo lẹ fẹ́ mú?" ó bi mí.

"Ẹja inú omi."

Ọkùnrin náà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, mo sì rí i tínú rẹ̀ dùn. Lápá kan lórí àpò rẹ̀, àwọn ìwọ̀ dúdú kan wà, wọ́n nípọn, wọ́n burẹ́wà, bí ohun tí alágbẹ̀dẹ fi ìbínú rọ. Lápá kejì, àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó ń dán yinrinyinrin. Ní Kétu, ohun tó bá ń dán ni ohun tó dára. Mo mú èyí tó ń dán. Ó tún fi okùn tuntun kan hàn mí, okùn òyìnbó, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, bí ẹ bá gbé e sókè ẹ ò ní rí i. Ó ní ẹja náà ò ní rí i. Mo rà á. Ó ní kí n wá ọ̀pá gígùn tó ń rọ̀ sí i, kí n máa jẹ́ kí ẹja sáré títí á fi rẹ̀ ẹ́. "Bí àwọn òyìnbó ṣe ń pẹja nìyẹn," ó ní. Mo sì rìn bí òyìnbó kúrò níwájú rẹ̀.

Rélùwéè kọjá bí mo ṣe ń jáde lọ́jà. Mo dúró wò ó. Àwọn èèyàn ń juwọ́ láti ojú fèrèsé, mo juwọ́ sí wọn, kó tó yé mi pé kì í ṣe èmi ni wọ́n ń juwọ́ sí. Gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn mi ni ẹnì kan ń kí láti inú ọkọ̀, èmi nìkan ni ẹnikẹ́ni ò kí. Mo kó ìwọ̀ mi sápò, mo padà.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ fi ekòló sí ìwọ̀ náà tí mo jù ú sínú ewé, ewé ló mú. Mo tún jù ú, ewé. Láàárín ọjọ́ méjì mo ti mú ojú-oró tó pọ̀ tó pé bó bá ṣeé sè ni, à bá yó. Òjé tí ọlọ́jà náà tà mọ́ ọn fún mi, tí mo so mọ́ okùn kó lè rì, ń fa ìwọ̀ wọ àárín igi òṣíbàtà, á sì há síbẹ̀. Àwọn ọmọdé jókòó lẹ́bàá omi, wọ́n ń bá mi ka iye ewé.

Ní ọjọ́ kẹta, àrọ̀ kan gbé e. Háà! Ọ̀pá náà tẹ̀ títí orí rẹ̀ fi kan omi. Mo rántí ọ̀rọ̀ ọlọ́jà Ìfọ̀, mo jẹ́ kí ẹja sáré. Ẹja náà ò kúkú bèèrè. Ó sáré wọ àárín ewé, ó fi okùn yí igi òṣíbàtà kan ká, ó yí òmíràn ká, ó ṣe bí obìnrin tó ń kó irun. Pẹ́! Okùn já. Okùn tí ẹja ò lè rí, èmi náà ò rí i mọ́.

Mo jókòó, mo sunkún díẹ̀. Oṣù tuntun ku ọjọ́ mẹ́fà.

Ìyá Lámídì ń la inú ẹja lẹ́yìn ilé nígbà tí mo dé. Ó wo ojú mi, kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

"Àlejò, jókòó." Ó na ọwọ́ sábẹ́ àga rẹ̀, ó fa igbá kékeré kan jáde, ó dà á sílẹ̀ níwájú mi. Ìwọ̀ ni. Àwọn mìíràn ti dípẹtà, àwọn mìíràn ṣì ń dán díẹ̀.

"Inú ẹja ni mo ti rí gbogbo wọn, láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi wọ ilé yìí. Inú ikùn, ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ọ̀nà ọ̀fun. Ìwọ̀ àwọn tí ẹja já mọ́ lọ́wọ́ ni. Wò wọ́n dáadáa. Irú èwo ni kò sí níbẹ̀?"

Mo fi ìka tú wọn wò. Tẹ́ẹ́rẹ́, tẹ́ẹ́rẹ́, tẹ́ẹ́rẹ́. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó nípọn nínú wọn.

"Àwọn dúdú burúkú yẹn ò sí níbẹ̀," mo ní.

"Níbo ni wọ́n wà?"

"Wọ́n... wọ́n bá ẹja wálé."

"Ẹ̀n-ẹ́n." Ó kó wọn padà sínú igbá. "Mi ò bá ọ yan ìwọ̀ o. Bí Baba bá bi ọ́, ìdọ̀tí ilé ni mo fi hàn ọ́."

Mo padà sí Ìfọ̀. Ọlọ́jà náà rí mi lókèèrè, ó ti ń rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá òyìnbó! Ṣé ẹ tún fẹ́ òmíràn tó ń dán?" Mo mú èyí tó dúdú jù, tó burẹ́wà jù, tó tóbi jù. Mo mú okùn òwú tó nípọn, irú èyí tí a lè fi so ewúrẹ́. Ó fẹ́ tà mí ní òjé, mo ní kó gbé e padà. Nígbà tó rí i pé mo ti gbọ́n, kò tún bá mi ṣeré mọ́, ó dágbére fún mi bí ẹni ń dágbére fún ènìyàn.

Mo gé ọparun kúkúrú tó le. Lẹ́yìn náà mo jókòó sí etí omi lódindi ọjọ́ kan láìju nǹkan kan, àwọn ọmọdé rò pé orí mi ti yí. Mo ń wò ni. Mo rí àkèré kan tó ń fò láti orí ewé dé orí ewé, mo rí i tí ẹnu kan yọ láti ìsàlẹ̀, àkèré ò sí mọ́. Mo wá ronú sí ọ̀rọ̀ ewé tó ń há mi. Ẹnu ìwọ̀ ni. Ẹnu tó mú tó sì wà níhòòhò, gbogbo ohun tó bá pàdé ló máa bá jà. Èmi náà mọ irú ẹnu bẹ́ẹ̀, ọ̀kan ń bẹ lójú mi. Mo mú àkèré kan, mo fi ẹran ara rẹ̀ bo ẹnu ìwọ̀ pátápátá. Mo jù ú sórí ewé, mo fà á díẹ̀díẹ̀. Ó rìn lórí ojú-oró bí àkèré tó ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Kò há níbì kankan.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹja. Ọjọ́ kìíní kò sí, ọjọ́ kejì kò sí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, mo gbọ́ ohùn Ìyá Ẹlẹ́ja lẹ́yìn mi.

"Òun dà? Ṣé ó ti di ẹrù rẹ̀?"

Oṣù ti lé. Ó jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ń jẹ obì. Baba Lámídì jókòó ti Ìyá Ẹlẹ́ja, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Mo mọ̀ pé bí ọwọ́ baba bá parí ìlẹ̀kẹ̀ yẹn, wọ́n á ní kí n dìde. Mo ju àkèré mi. Mo fà á. Mo tún jù ú. Mo rí ara mi nínú aṣọ sọ́jà Faransé, pẹ̀lú fìlà pupa.

Ewé ṣí. Ẹnu ńlá kan yọ, ó gbé àkèré mì.

Mi ò jẹ́ kó sáré, mi ò jẹ́ kó ronú. Mo fi gbogbo ara fa ọ̀pá sókè, mo ń fi ẹ̀yìn rìn, mo ń pariwo orúkọ ìyá mi. Okùn ewúrẹ́ náà dún, kò já. Àrọ̀ náà jáde tòun ti ojú-oró lórí bí ẹni dé fìlà, mo wọ́ ọ kọjá etí omi, kọjá Baba, kọjá Ìyá Ẹlẹ́ja, mi ò dúró àfìgbà tí ẹ̀yìn mi kan ògiri ilé ìdáná.

Baba Lámídì dìde. Ó tẹ ẹja náà mọ́lẹ̀, ó ṣí i lẹ́nu. Ìwọ̀ dúdú mi wà ní àárín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, nǹkan kékeré kan ń dán yinrin, pẹ̀lú ìjàǹjá okùn òyìnbó lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé tìrẹ nìyí?" ó bi mí.

"Tèmi ni, Baba."

Baba rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò rí lójú rẹ̀ rí. Ó yọ ìwọ̀ tó ń dán náà, ó fi lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá Lámídì gbé e lọ sínú igbá. Bó ṣe ń lọ, kò wẹ̀yìn, ó kàn sọ ọ́ bí ẹni sọ pé kí wọ́n gbé iná wá:

"Ọkọ mi, bọ́ ẹ̀wù yẹn, ó ti tutù."

Ẹkún gbọ̀n mí. Mo sun ún gbangba, imú àti ojú.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún?" Ìyá Ẹlẹ́ja bú mi. "Ẹja lo mú, kì í ṣe òkú."

Òun nìkan ló padà sí Kétu. Mo fi orí ẹja náà, tí Ìyá Lámídì ti yan gbẹ, rán an sí ìyá mi. Ẹnu Ìyá Ẹlẹ́ja ni tẹlifóònù wa, iṣẹ́ tó bá sì wù ú ló máa ń jẹ́. Nígbà tó tún dé, ó ní, "Ìyá rẹ kí ọ. Ó ní ẹja náà dùn. Ó ní ṣé orí nìkan ni ẹja ibẹ̀ máa ń ní?" Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ara ẹja ránṣẹ́.

Ọdún mẹ́rin lọ báyẹn. Mo mọ odò wẹ̀. Ojú-oró tí mo fà ti hù padà láàárín ìgbà òjò kan, ó tún pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà Ìbàfò ṣì ń pè mí ní ará Kétu, bí mo bá sì pàdé ará Kétu lọ́jà Ìfọ̀, wọ́n á ní ohùn mi ti di ti Ìbàfò. Níhìn-ín ará ọ̀hún ni mí, lọ́hùn-ún ará ìhín. Ó máa ń bí mi nínú nígbà mìíràn. Nígbà mìíràn mo máa ń pẹja lọ, kí n má rò ó.

Lọ́dún kan, láìrò tẹ́lẹ̀, Ìyá Ẹlẹ́ja dé, ìyá mi sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá mi ti gbó. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó fi ọwọ́ kan gbogbo orí mi, ó ní àwọn Faransé ò wá ọmọ ẹnikẹ́ni kiri mọ́, ó ní òun wá mú mi lọ sílé. Mo ní kí wọ́n sinmi ná, kí a jẹun, ilẹ̀ á mọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a ò rí ìyá mi. Ibùsùn rẹ̀ ti wà ní kíká. Mo lọ sẹ́yìn ilé. Ìyá mi wà nínú omi títí dé itan, ó ti ká ìró rẹ̀, ó ń fa ojú-oró tu, ó ń jù ú sórí ilẹ̀, ó ń kọrin jẹ́jẹ́. Ó fẹ́ kí àwọn tó gba ọmọ rẹ̀ sílé mọ̀ pé òun mọyì oore.

Mi ò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ mi sáré.

"Ìyá mi! Ẹ fi ojú-oró sílẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀! Ilé nìyẹn!"

Ó dúró. Ewé wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń kán lára ewé náà. Lẹ́nu ọ̀nà, Baba Lámídì ti jáde, ó sì gbọ́ mi.

"Ilé ta?" ìyá mi bi mí.

Mo ya ẹnu láti sọ pé ilé ẹja ni. Ọ̀rọ̀ náà ò jáde. Ìyá mi wò mí, ojú rẹ̀ ń yí padà díẹ̀díẹ̀, mo sì rí i pé ó ti gbọ́ èsì ohun tó tìtorí rẹ̀ wá.

Mo bọ́ sínú omi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ewé tó wà lórí ilẹ̀ padà sójú omi, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́, ìyá mi náà bẹ̀rẹ̀, ó rọra gbé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lé omi lórí, ó ń bá mi kó o.